Ọfọ̀ BODMAS

Òkun o, ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò orí WhatsApp! Láti Ẹgbẹ̀ dé Kàbà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wo ni 8÷2(2+2) ò tíì dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀? Àwọn kan ní 16, àwọn kan ní 1, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan baba ara wọn.

Mo gbóṣùbà fún àwọn tó ń ké BODMAS, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé láti rántí èyí tó ṣáájú nínú ìṣirò. Wọ́n á kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó tún ṣe, lẹ́tà ńlá. Ó tún ṣe, lẹ́tà ńlá pẹ̀lú èmójì iná mẹ́ta. Ẹ ta kò wọ́n wò: wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀meje bí ọfọ̀, àfi bíi pé nọ́ńbà náà máa tó jẹ́wọ́. Ọfọ̀ tí wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀! Ẹ bi wọ́n ní 10−3+2, wọ́n á ní 5, torí A (àròpọ̀) ṣáájú S (àyọkúrò). Irọ́ ni, 9 ni! Àròpọ̀ àti àyọkúrò, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Pínpín àti ìsọdipúpọ̀ náà, ẹgbẹ́. Èyí tó bá wà lápá òsì la kọ́kọ́ ń ṣe. Tíṣà ayé àtijọ́ á ti fi pàṣán ṣàlàyé ìyẹn.

Àmì ìsọdipúpọ̀ tó sá kúrò láàárín 2 àti àkámọ́ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ dá a padà, 8÷2×4, 16 ni. Ṣùgbọ́n tí 2 bá lẹ̀ mọ́ àkámọ́ báyẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì á ka méjèèjì sí ẹyọ kan: 8 pín sí 8, ó di 1. Ẹ̀rọ ìṣirò gan-an ò fohùn ṣọ̀kan. Ẹ tẹ 1/2X sínú TI-82, á fi 2X pín 1; TI-83, àbúrò rẹ̀ lọ́mọ ìyá, á kọ́kọ́ pín 1 sí 2, kó tó wá kan X. ÷ yẹn náà ńkọ́? Johann Rahn, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1659. Ìlànà àgbáyé lórí àmì ìṣirò, ISO 80000-2, ti ní ká yéé lò ó.

Ìyá oníṣu ọjà Kàbà kì í ṣe irú wàhálà yìí. Ilé méjì, ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣu 8: iṣu kan fẹ́nì kan. 8÷(2(2+2)) nìyẹn. Tó bá di iṣu 8 ní méjì-méjì, tí iṣu kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún 2 náírà, ìdì mẹ́rin ni, ìdì kan ẹgbẹ̀rún 2+2, ẹgbẹ̀rún 16 ló pa. (8÷2)(2+2) nìyẹn.

Ẹni tó kọ ọ́ láìfi àkámọ́ kejì sí i, ọ̀lẹ ni. Àkámọ́ kan péré! Dátà tí ẹ fi ń fi iná mẹ́ta ránṣẹ́ gbé e.