Orúnkún tó gan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: fífi agbára ká a kọ́ ló máa tú u

"Ẹ gbé omi kaná, ẹ fi òrí ra á dáadáa, kí ẹni tó lágbára bá a ká a, á tú." Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nìyí l'Àkúrẹ́ àti l'Oǹdó fún ẹni tí ọ̀kadà gbá, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún, tí orúnkún ọ̀hún sì wá gan. Ìfẹ́ aláìsàn ló ń mú wọn sọ ọ́. Àmọ́ ó léwu gidigidi, torí nígbà mìíràn, eegun tuntun ló ń hù nínú ẹran níbẹ̀, ìfipá ká sì lè mú kó pọ̀ sí i.

Okùn mẹ́rin pàtàkì, tó so eegun mọ́ eegun, ló di orúnkún mú: méjì dábùú ara wọn láàárín, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde. Bí wọ́n bá ń fi òmíràn rọ́pò èyí tó já, wọ́n á fi dírìlì lu eegun. Ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ẹran á fara gbọgbẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó wo ọgbẹ́ sàn sì lè ṣìnà kí wọ́n máa mọ eegun. Kò wọ́pọ̀ tó bá jẹ́ okùn iwájú nìkan, nínú méjì tó dábùú ara wọn, ni wọ́n ṣe. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ pátápátá, tí okùn méjì mẹ́ta já pọ̀, ló yẹ kó fura jù, pàápàá tó bá tún forí gbálẹ̀, torí ìpalára ọpọlọ máa ń ru eegun yìí sókè. (Bí ẹnì kan bá ní wàrà àti edé ló ń mú eegun yìí hù, wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má torí rẹ̀ fi oúnjẹ du aláìsàn.)

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 12 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni eegun yìí sábà máa ń fara hàn. Orúnkún á gbóná, á wú, ẹni tó ti ń ká a dé ìwọ̀n 90, bí ẹni jókòó sórí àga, á wá máa há ní 70. X-ray àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn, ẹ tún un yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kòkòrò inú ọgbẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀ náà lè fara jọ ọ́. Bí ibà bá wà, tàbí tí ojúgun bá wú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Eegun kì í yọ́ lábẹ́ ọwọ́. Fífi ipá ká a á tún ẹran ya, ẹ̀jẹ̀ á tún dà, ibẹ̀ náà ni eegun mìíràn ti ń rí ààyè. Ìró "pá" tí wọ́n ń yọ̀ sí yẹn lè jẹ́ okùn tuntun ló já. Awọ ẹ̀gbẹ́ ojú iṣẹ́ abẹ sì sábà máa ń kú tipiri, tówẹ̀lì gbígbóná lè bó o láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀.

Kí aláìsàn fi agbára ara rẹ̀ ká a: kó dùbúlẹ̀, kó rọra wọ́ gìgísẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bọ̀ wá sí ìdí, kó dúró níbi tó bá ti ń fà, kó tó di ìrora, ní iye ìgbà tí físíò, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa lo oríkèé ara rẹ̀, bá sọ. Kó má sì na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láìmì ín rárá, ìyẹn náà ń jẹ́ kó gan. Dókítà lè kọ indomethacin, oògùn tó lè dí eegun yìí lọ́wọ́ láti hù. Ẹ má dá a rà ní kẹ́mísì, ó lè dá egbò sínú ikùn, ó sì ń pa kíndìnrín lára.

Bí eegun náà bá dí orúnkún lọ́wọ́ púpọ̀, wọ́n lè yọ ọ́, àmọ́ wọ́n sábà máa ń dúró tó oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí X-ray yóò fi hàn pé ó ti gbó. Èyí tí wọ́n bá yọ kó tó gbó lè tún hù.