Irọ́ ni pé wọ́n ṣe QWERTY kó lè máa fà wá sẹ́yìn

Ẹ̀yin ará, ìtàn kan wà tó ti di ìgbàgbọ́ gbogbo ayé. Wọ́n ní ẹni tó ṣe kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo wa ń lò yìí, tó ń jẹ́ QWERTY, mọ̀ọ́mọ̀ tú lẹ́tà ká kí ọwọ́ wa má baà yá ni, wọ́n tún ní òmíì wà tó ń jẹ́ Dvorak, pé ó dáa jù ú lọ fíìfíì, pé àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ti tẹ́sìtì ẹ̀, oríkunkun lásán ni ò jẹ́ ká yí padà. Àwọn tó mọ̀wé dáadáa ló ń sọ ọ́ o, ó sì ń dùn mí, torí méjèèjì ni ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú QWERTY ná. Christopher Sholes ló ṣe é ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1874. Lóòótọ́ irin inú táìpuráítà ìgbà yẹn máa ń há mọ́ra, àmọ́ ẹ̀rọ tí ò bá há, ṣebí á yára sí i ni? Ẹ tiẹ̀ wo E àti R, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà lára àwọn lẹ́tà tó máa ń tẹ̀ léra jù nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wo ìlà àárín, D F G H J K L, bí A B C ṣe máa ń tò náà ló ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tò, ìyókù ètò tí wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́sìtì tí àwọn ológun ojú omi ṣe ní 1944 yẹn ló ká mi lára jù. August Dvorak tó gba pátẹ́ǹtì kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ní 1936, òun fúnra ẹ̀ ni ọ̀gá àwọn tó ń wọn bí iṣẹ́ ṣe ń yá lọ́dọ̀ àwọn ológun ọ̀hún. Èèyàn 14 ni wọ́n kọ́ ní Dvorak, wọ́n kúrò ní ọ̀rọ̀ 32 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n dé 56. Àwọn 18 tó wà lórí QWERTY kúrò ní 29 dé 37. Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ó ní ó ti parí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe kà á ò dọ́gba rárá: fún Dvorak, tẹ́sìtì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n fi wé ara, fún QWERTY wọ́n ro tẹ́sìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ pọ̀, wọ́n pín in dọ́gba, wọ́n ṣe mẹ́rin ìkẹyìn náà bẹ́ẹ̀, torí pé àwọn mẹ́ta kan gba òdo níbẹ̀rẹ̀, bí ìtẹ̀síwájú àwọn QWERTY ṣe kéré lójú nìyẹn.

Ní 1956 ẹnì kan tó ń jẹ́ Earle Strong tún ṣe irú tẹ́sìtì yìí fún ìjọba Amẹ́ríkà. Kí àwọn mẹ́wàá tó kọ́ Dvorak tó padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ó lé ní ọjọ́ 25, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, nígbà tó wá fi wọ́n wé mẹ́wàá tó ń dánra wò lórí QWERTY, àwọn QWERTY ló ń yára sí i jù. Àwọn alátìlẹ́yìn Dvorak ní Strong ti ní August Dvorak sínú tẹ́lẹ̀. Ó dáa, ẹ yẹ ìyẹn náà wò, ojúsàájú ò dáa níbikíbi.

Mi ò sọ pé Dvorak ò wúlò o. Àwọn lẹ́tà tó wọ́pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, A O E U I D H T N S, ìlà àárín ló kó wọn sí, ìka kì í rìn jìnnà, ó sì wà nínú sẹ́tíǹgì Windows àti Mac lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wí. K, L, B, G tí Yorùbá tiwa ń lò ò sí ní ìlà àárín yẹn, ká má tíì sọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ẹni tó bá ní ó máa yá wa lọ́wọ́ jù, kó jẹ́ káwọn ti QWERTY náà gba iye wákàtí ìdánrawò kan náà, ká fi ìwọ̀n kan wọn gbogbo wọn, kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n máa táìpù.