Ta ni ó ń ka òkú dọ́lífìn etí òkun wa?

Láti ìgbà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ìlànà lórí ọrọ̀ ajé òkun lọ́dún 2025, ọ̀rọ̀ èbúté, ọkọ̀ ojú omi àti owó tí yóò wọlé ni à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ. Ìbéèrè tí ìwé ìròyìn yìí ti ń bi wọ́n kò tíì rí ìdáhùn: ta ni ó ń ka òkú dọ́lífìn tí ìgbì ń gbé gúnlẹ̀, láti Badagry títí dé Ìlàjẹ?

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé yẹ eyín dọ́lífìn 759 wò, tí òkú wọn gúnlẹ̀ sí etí òkun Àtìláńtíìkì wọn láàárín ọdún 1997 sí 2019, wọ́n sì ka ìlà inú eyín náà láti fi mọ ọjọ́ orí wọn. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2025 fi hàn pé iye ọdún tí àwọn abo ń lò láyé ti já wálẹ̀ láti nǹkan bí 24 sí nǹkan bí 17. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ òfurufú ka àwọn tó wà láàyè lè má rí ewu kankan fún ọ̀pọ̀ ọdún, níwọ̀n ìgbà tí agbo ńlá bá ṣì wà lójú omi. Ara òkú ni a ti ń mọ̀ pé àwọn abo ń kú kí wọ́n tó bímọ tó bó ṣe yẹ. Àwọ̀n apẹja ni ó ń mú púpọ̀ nínú wọn, tí wọn kò fi lè yọrí sókè láti mí. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ ìṣàkóso níbẹ̀ pàṣẹ ní oṣù kẹta ọdún 2023 pé kí ìjọba fòfin de ẹja pípa ní àwọn apá òkun kan fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rí àwọn òkú tó gúnlẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

Tiwa burú ju tiwọn lọ. Dọ́lífìn oníké ti Àtìláńtíìkì kò sí níbòmíràn láyé àfi ní etí òkun apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì ti wà lára àwọn ẹ̀dá tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kà sí èyí tó wà ní bèbè àkúrun láti ọdún 2017. Ìṣirò wọn ni pé gbogbo rẹ̀ kò tó 3,000. Omi tí kò jìn, nítòsí ilẹ̀, ni ó ń gbé, ibẹ̀ gan-an ni àwọn apẹja wa sì ń dẹ àwọ̀n sí. Bí ọ̀kan bá gúnlẹ̀, wọn a ti kun ún, wọn a ti pín in tán, kí ẹnikẹ́ni tó wọn gígùn rẹ̀. A kò bá apẹja wí, nítorí kò sí ẹni tó fún un ní nọ́ńbà tí yóò pè.

NIOMR, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, ti wà ní Èkó láti ọdún 1975. Kí ni wọ́n tún ń dúró dè? Ìgbìmọ̀ àti àpérò ti sú wa! Kíkọ ọjọ́ àti ibi tí òkú gúnlẹ̀ sí, wíwo awọ rẹ̀ bóyá okùn àwọ̀n ti gé e, yíyọ eyín kan pamọ́: iṣẹ́ yìí kò gba ọkọ̀ olówó ńlá. Ọ̀pọ̀ òkú ni ó ń rì sísàlẹ̀ òkun tí a kò ní rí láéláé, nítorí náà, a kò gbọdọ̀ pàdánù èyí tó bá gúnlẹ̀. Kí Mínísítà tí ọ̀rọ̀ òkun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dárúkọ ọ́fíìsì tí yóò máa gba ìpè láti etíkun, kí owó iṣẹ́ náà wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì máa jáde ní gbangba lọ́dọọdún.