Dáyámọ́ńdì kì í ṣe ọmọ èédú

Bí nǹkan bá le fún èèyàn, ọ̀rọ̀ ìtùnú kan tó wọ́pọ̀ ni pé kó fara dà á, nítorí èédú tí ilẹ̀ tẹ̀ pẹ́ ló ń di dáyámọ́ńdì. Ọ̀pọ̀ gbà á bí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, wọ́n tilẹ̀ ń fi kọ́ ọmọ. Kì í ṣe òótọ́.

Igi àti ewéko tó kú sínú ẹrọ̀fọ̀ ló ń di èédú inú ilẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 470 sẹ́yìn kí ewéko tó bẹ̀rẹ̀ sí hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Èédú Enugu tiwa kò tilẹ̀ pé ọdún mílíọ̀nù 100. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú dáyámọ́ńdì tí wọ́n ti ṣírò ọjọ́ orí wọn ti ju ọdún bílíọ̀nù 1 lọ, àwọn kan sì ti ju bílíọ̀nù 3. Ọmọ wo ló ṣáájú bàbá rẹ̀ dáyé?

Ibi tí wọ́n ti wá kò tún papọ̀. Èédú kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Dáyámọ́ńdì ní tirẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 150 sí 200 nísàlẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń dá. Apá kan nínú kábọ́ọ̀nù, èròjà tó di dáyámọ́ńdì, wà nínú àpáta ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé. Òmíràn sì bá ilẹ̀ abẹ́ òkun tó rì wọlé. Òkúta yíyọ́ ló ń ru wọ́n gòkè, bó ṣe rí ní Kimberley ní South Africa àti ní Koidu ní Sierra Leone.

Ẹ lè bi mí pé ta ló dé ìsàlẹ̀ yẹn. Kò sí. Ihò tó jìn jù tí èèyàn gbẹ́ rí, ní Kola ní Rọ́ṣíà, mítà 12,262 péré ni. Ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń bá wa dé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì rẹ̀ á la inú ayé kọjá, ẹ̀rọ níbòmíràn á sì gba àkókò tó dé sílẹ̀. Ìgbì kì í sáré bákan náà nínú gbogbo òkúta, nítorí náà eré rẹ̀ ń fi irú òkúta tó gbà kọjá hàn.

Ohun tó wú mi lórí jù nìyí. Lábẹ́ àwọn ilẹ̀ tó ti pẹ́ jù láyé, ìgbì ń sáré ju bó ṣe yẹ kó sáré nínú àpáta tí a mọ̀ síbẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ láti MIT, Harvard àti àwọn yunifásítì mìíràn fi kọ̀ǹpútà dán oríṣiríṣi àdàlù òkúta wò. Èyí tí dáyámọ́ńdì jẹ́ ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá eré náà mu, nítorí eré ìgbì nínú dáyámọ́ńdì ju ìlọ́po méjì èyí tó ń sá nínú olivine lọ, òkúta tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ìṣirò wọn bá tọ̀nà, dáyámọ́ńdì tó wà nísàlẹ̀ yẹn á tó tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù kan lọ́nà mílíọ̀nù kan. Ìṣirò ni o; ẹnikẹ́ni kò fojú rí i, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè wà á jáde.