Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Ohun Tí Dókítà Kọ̀ọ̀kan Ń Rí

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é, àgbo ló sì kàn. Ìwọ̀nba àwọn tó bá gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà yẹ ìfun wọn wò l'Ábùjá ń yọ̀ lọ sílé nígbà tí dókítà bá ní òun kò rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń bi dókítà yẹn pé: nínú èèyàn 100 tẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ẹni mélòó lẹ rí nǹkan lára rẹ̀?

Kókó kéékèèké tó ń hù lára ògiri ìfun ńlá, ìyẹn pọ́líìpù, là ń wí. Kì í sábà dunni. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ṣe nǹkan kan, àmọ́ irú kan wà tó lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 10. Bí dókítà bá rí i, yóò gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá rí i, aláìsàn á máa gbé e kiri, tòun ti ìwé tó ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ojú dókítà kò sì dọ́gba. Ìwádìí kan tó jáde l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2014 wo iṣẹ́ dókítà 136. Ẹnìkan rí irú kókó yìí lára èèyàn bíi 7 péré nínú 100, ẹlòmíì rí i lára èèyàn tó lé ní 50. Àwọn aláìsàn ẹni tó ń rí púpọ̀ ni jẹjẹrẹ ìfun kò fi bẹ́ẹ̀ mú lẹ́yìn náà.

Ìkánjú wà nínú ohun tó fà á. Ìgbà tí dókítà bá ń fa ẹ̀rọ náà bọ̀ ló ń wo ògiri ìfun dáadáa, àwọn àgbà iṣẹ́ náà l'Ámẹ́ríkà sì ní kó máa lò tó ìṣẹ́jú 8. Ìdọ̀tí ni ìkejì. Ìdajì oògùn tó ń fọ inú ló yẹ kéèyàn mu lálẹ́, ìdajì yòókù ní ìdájí. Ẹ wá wo ẹni tó ń gbé Nyanya tàbí Mararaba, tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tí wọ́n ní kó dé àárín ìlú láago 8 àárọ̀. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni oògùn náà yóò bá a. Ta ni kò ní fo ìdajì kejì? Kí ilé ìwòsàn máa fún àwọn ará ẹ̀yìn ìlú ní àyè ọ̀sán. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Láti ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà ti fàyè gba kọ̀ǹpútà tó ń fi àmì yí ibi tó fura sí ká lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó dára, a kò sọ pé kí ìjọba má rà á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà kò lè rí ohun tí ìgbẹ́ bò mọ́lẹ̀, àwọn olóṣèlú wa sì fẹ́ràn àtigé ríbọ́ọ̀nù ju àtika iṣẹ́ lọ.

Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí NICRAT, àjọ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ jẹjẹrẹ, pàṣẹ kí ilé ìwòsàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà kọ̀ọ̀kan: iye èèyàn tó yẹ̀ wò, iye tó rí kókó lára wọn, ìṣẹ́jú tó lò, àti bí inú wọn ṣe mọ́ tó. Kì í ṣe kí wọ́n gbé orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé ìròyìn. Ọ̀gá ẹ̀ka ni kó mọ̀ ọ́n, kó sì mú ẹni tó bá rẹ̀yìn padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Amẹ́ríkà ní kí dókítà rí i lára èèyàn 35 nínú 100. Ká má tíì gbé ìyẹn lé tiwa lórí. Ká kọ́kọ́ ka tiwa ná.

Láàbù nìkan ló lè sọ irú kókó tí wọ́n gé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, mọ̀lẹ́bí ló ń gbé ike kékeré tí wọ́n fi kókó náà sí lọ síbẹ̀, tó tún ń sanwó ọ̀tọ̀. Kí ètò adójútòfò ìlera ìjọba, NHIA, san owó yẹn. Kí National Hospital àti ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Gwagwalada bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ náà, kí àwọn aládàáni tẹ̀lé wọn.