Ẹ Má Tíì Fọ Ìkòkò Náà

A mọ bó ṣe máa ń rí. Katapílà ń lànà ní ìhà gúúsù Kwara, irin rẹ̀ kan ìkòkò tí wọ́n sin mọ́ òkú àtijọ́, àwọn lébìrà pariwo. Ẹnìkan á da yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ nù, á fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí á fi dán, wọ́n á wá gbé e lọ sí ààfin.

Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà nù yẹn ló dùn wá.

Hóró oúnjẹ lè wà nínú rẹ̀, hóró tó bá sì ti jóná kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bí awalẹ̀pìtàn bá da yẹ̀pẹ̀ sàréè sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, tó rọra fọwọ́ rú u, èédú àti hóró á léfòó. Á fi asẹ́ kó wọn, á sá wọn síbòji. Ṣé ekùrọ́ ni? Ṣé ọkà bàbà ni? Bó bá ṣe àgbàdo, sàréè náà kò lè ṣáájú 1492, torí ẹ̀yìn ìgbà náà ni àgbàdo ti Amẹ́ríkà débí. (Iṣu ló ń fìyà jẹ àwọn awalẹ̀pìtàn, kì í fi hóró sílẹ̀.)

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí wọ́n rí lára ilẹ̀ tó yí egungun kan ká ní ihò Shanidar ní Iraq, egungun tí wọ́n wà jáde ní 1960, mú kí awalẹ̀pìtàn Ralph Solecki gbà pé wọ́n tẹ́ òdòdó fún òkú náà. Àwọn mìíràn ní eku tàbí oyin ló kó o wọlé. Ẹni tó bá mọ ohun tí okété ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀ kò ní bá wọn jiyàn. Ó yẹ kí ojú tó mọ̀ ọ́n rí ilẹ̀ náà kí ṣọ́bìrì tó dà á rú.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ hú òkú o. Èyí tí katapílà ti tú là ń wí. Kí ìjọba Kwara kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo kọngílá: bí sàréè àtijọ́ bá yọ, kí iṣẹ́ dúró lójú ibẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ sí mùsíọ̀mù Èsìẹ́, tó ti wà láti 1945. Ère òkúta tó ju 800 lọ ló wà níbẹ̀, títí dòní a kò lè fọwọ́ sọ̀yà ẹni tó gbẹ́ wọn. Ṣé irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ la tún fẹ́ fi kún un?

Ẹ̀yin kábíyèsí, bí wọ́n bá gbé ìkòkò dídán wá, ẹ bi wọ́n léèrè yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀.