Owó orí obìnrin dùn ún gbà, ìjókòó ni wọn ò fẹ́ fún wọn

Ìbò táwọn aṣòfin dì l'Abuja ní Tuesday, March 1, 2022, lórí àbá àtúnṣe òfin tó fẹ́ ya ìjókòó sọ́tọ̀ fáwọn obìnrin nílé aṣòfin, ẹ ti rí i: 30 ló fara mọ́ ọn nílé aṣòfin àgbà, 58 ní àwọn ò fẹ́, nílé aṣojú-ṣòfin, 81 sọ bẹ́ẹ̀ ni, 208 sọ rárá. Ìjókòó 111 fáwọn obìnrin, àfikún sì ni, kò ní lé ọkùnrin kankan dìde níbi tó jókòó sí, síbẹ̀ wọ́n kọ̀ ọ́.

A ti ń sọ ọ́ níbí tipẹ́ pé fọ́ọ̀mù ìdíje táwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń fún obìnrin lọ́fẹ̀ẹ́ ò já mọ́ nǹkan kan, torí tó bá di ìdìbò abẹ́lé, owó làwọn dẹ́lígéètì, ìyẹn àwọn aṣojú ẹgbẹ́ tó ń dìbò yan olùdíje, ń wò, wọ́n á ní kí màmá lọ kó àwọn obìnrin jọ wá fún ìpolongo, ó parí. Ẹni tó bá ní kóbìnrin lọ díje bíi tàwọn yòókù mọ bí wọ́n ṣe ń díje ọ̀hún dáadáa.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù. Nígbà ogun Hitler, tí Japan gba Malaya lọ́wọ́ Òyìnbó lọ́dún 1942, tí epo ọ̀pẹ ò wá láti ọ̀hún mọ́, àwọn ìyá wa ni wọ́n sáré wá bá. Òkúta kan nílẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́, wọ́n ń pa ẹ̀kùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ìlú Òyìnbó lè rí epo ṣe ọṣẹ. Gààrí tí wọ́n ń tà l'Ékòó, ìjọba ló ń dá iye lé e, títí Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, àtàwọn ìyá ọjà fi yarí. L'Abẹ́òkúta, wọ́n ń fipá gba ìrẹsì lọ́wọ́ obìnrin nínú ọjà, àfìgbà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé e dé inú ìwé ìròyìn kí wọ́n tó jáwọ́ lọ́dún 1945. Owó orí ńkọ́? Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 l'Ẹ̀gbá ti ń san án, àmọ́ kò sóbìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà nìyẹn, wọ́n jà á títí Ọba Adémọ́lá, Aláké Ẹ̀gbá, fi gbéra lórí ìtẹ́ ní January 1949 tóbìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀. Ìbò 1959 náà sì tún dé, obìnrin gúúsù dì í, wọn ò jẹ́ kí ti Àríwá dì í.

Kí ló dé gan-an? Tí iṣẹ́ bá kù tàbí tówó bá kù, kì í sẹ́ni tó ń ní ká kọ́kọ́ tún òfin ṣe ká tó ké sóbìnrin, ìjókòó nìkan ló máa ń di ọ̀rọ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò àwọn aṣòfin!

Ẹ̀yin aṣòfin, àwọn obìnrin wá sẹ́nu géètì yín ní Wednesday, ọjọ́ kejì ìbò náà. Ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ gbé àbá yẹn padà wá, kẹ́ ẹ sì tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó dìbò jáde. A fẹ́ mọ ohun táwọn tá a rán lọ láti Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó dì, a máa gbé e sójú ewé àkọ́kọ́.